Mo fẹ́ padà sídìí tírélà lẹ́yìn ọdún 6, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 46 ni mí, Ṣàgámù ni mò ń gbé. Mo wa tírélà fún ọdún 11, kọ̀ǹténà àti sìmẹ́ǹtì la máa ń gbé, kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní 2019 torí àìsàn ìyá mi, látìgbà yẹn mo ń ta spare parts. Màmá ti sinmi báyìí, ọjà náà ò dẹ̀ lọ mọ́. Ọ̀gá mi àtijọ́ wá pè mí pé òun ní tírélà Howo kan tí ò ní dírẹ́bà, kí n wá gbé e ní Mọ́ńdè, Kánò ni ẹrù àkọ́kọ́ ń lọ. Láísẹ́ǹsì mi ti kú. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó mi, èmi náà ò ní purọ́, àyà mi ń já. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Bọ̀dá mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi wa tírélà fún ọdún 19, àwọn dírẹ́bà ni mò ń kọ́ ní yáàdì báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dẹ̀ jẹ́ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tó tún padà wá bíi tiyín, torí náà ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Ẹ gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Kánò yẹn, ẹ má lọ, ó kéré tán kì í ṣe ní Mọ́ńdè. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó bá rántí iye tó fi ra ọkọ̀ yẹn, á gbọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ẹ ò ní gbàgbé jíà, ẹ má fòyà ìyẹn, láàárín ọjọ́ méjì ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí kì í tètè padà ni ìwọ̀n, ìyẹn bí ẹrù ẹ̀yìn yín ṣe wúwo tó, ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ibi tí ìdí tírélà wà nígbà tí orí ti kọjá kọ́nà. Ọdún 6 lẹ ti ń wa ọkọ̀ kékeré tàbí kẹ́ ẹ máa wọ kẹ̀kẹ́, ojú yín ti mọ́ ọkọ̀ tó ń dúró níbi téèyàn bá sọ fún un pé kó dúró. Àti pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù fún yín, torí ẹ̀rù á máa bà yín nígbà yẹn, ẹ̀rù yẹn náà lá máa ṣọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tára bá ti balẹ̀, tí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ kan yí sitíárìn, ìgbà yẹn ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹsẹ̀ mi kán, mo jókòó sílé fún bí ọdún méjì, nígbà tí mo padà, bíi ẹni tó gbé ẹyin ni mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ti ń kọrin. A gbé 600 àpò sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, tọ́ọ̀nù 30 nìyẹn láì tíì ka ọkọ̀ fúnra ẹ̀, Àkúrẹ́ là ń lọ. Lẹ́yìn Iléṣà, níbi táwọn òkè yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, mo wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan pẹ̀lú jíà tó ga jù, mo wá ń fi bíréèkì dì í mú. Mo tẹ̀ ẹ́, ó mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú díẹ̀. Nígbà tó yá mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọkọ̀ ò dín eré kù, òórùn kan wọlé bíi rọ́bà tí wọ́n jù síná, mọ́tò bọ́ì mi tó ń wo míńrọ̀ kígbe pé "Ọ̀gá, èéfín!" Ọlọ́run ló ní ká rí ọjọ́ kejì, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ò gùn, òkè kejì ló dá wa dúró. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bíi wákàtí méjì, a ò da omi sí i o, torí irin tó gbóná báyẹn lè là, a kàn fi sílẹ̀ títí ó fi tutù fúnra ẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Bíréèkì yẹn ò bàjẹ́, èmi ni mo lò ó nílòkulò. Tí dírọ́ọ̀mù, irin roboto tó ń yí pẹ̀lú táyà, bá gbóná, ṣe ló máa ń fẹ̀, á máa sá fún bàtà bíréèkì tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti inú, bàtà náà á dẹ̀ ti gbóná débi pé kò ní lè di nǹkan kan mú mọ́, kò wá sí bó ṣe lè wù kéèyàn tẹ̀ ẹ́ tó.

Torí náà, jíà tẹ́ ẹ máa fi sọ̀kalẹ̀, orí òkè ni kẹ́ ẹ ti mú un, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ rárá. Ẹ lo exhaust brake tó wà lára Howo yẹn, èyí tó ń sé èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́ kí eré lè dínkù, kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ti kú tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò. Bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí eré dínkù, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó mí, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e látòkè dé ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé dísù ti wọ́n gan-an ju bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ní 2019, èyí wá ń mú káwọn kan máa fi ọkọ̀ sí fíríì, láìsí jíà kankan, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí dísù lè ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é láéláé. Ẹ rántí bíríìjì Ọ̀tẹ̀dọlá l'Ékòó ní June 28, 2018, táńkà kan tó gbé epo ló ṣubú níbẹ̀ tó gbiná, ó kéré tán èèyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná, wọ́n ní bíréèkì ló kọ̀ fún un.

Bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń padà bọ̀ nìyí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, inú yáàdì ni, ọkọ̀ òfìfo, a máa to táyà àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn wọ àárín ẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn, kì í ṣe ìtìjú. Lẹ́yìn náà Ṣàgámù sí Ìbàdàn ní òfìfo, lójú mọmọ, kí dírẹ́bà àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ṣọ́ra fún òfìfo yẹn náà tí òjò bá rọ̀, tírélà tí ò gbé nǹkan máa ń yọ̀ ju èyí tó gbẹrù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹrù díẹ̀, kó tó wá di ẹrù kíkún, òru ló kẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ mú òpó kan lọ́kàn, tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá ẹ̀, ẹ ka oókan, eéjì, títí dé eéje, tẹ́ ẹ bá ti dé ibi òpó náà kẹ́ ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Àwọn dáńfó á wọ àlàfo yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún fà sẹ́yìn.

Ní ti láísẹ́ǹsì, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò ní yáàdì bọ́ sójú títì kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Kíláàsì G ni ti tírélà, ẹ yẹ ti tẹ́lẹ̀ yín wò bóyá òun ló wà níbẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó wa tírélà fún ọdún mẹ́jọ lórí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ibi tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti ń ya fọ́tò tí wọ́n ti ń gba ìka. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é láìjẹ́ pé ẹ dé ibẹ̀, ẹ ṣọ́ra, ayédèrú ló lè fẹ́ gbé fún yín, lọ́jọ́ tí nǹkan bá dẹ̀ ṣẹlẹ̀, ínṣọ́ránsì ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ yín.

Ẹ lọ ọsibítù ìjọba, kí wọ́n wo ìfúnpá, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wo ojú, pàápàá bẹ́ ẹ ṣe ń ríran lálẹ́ tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá kọ sójú yín. Ẹ tún bi ìyàwó yín bóyá ẹ máa ń hanrun lóru, bóyá èémí yín máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún já. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, torí ẹni tó ń sùn báyẹn kì í sinmi, ojú oorun á máa wá a wá nídìí sitíárìn lọ́sàn-án gangan. Ọtí, paraga, tramadol, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ń lò ó tẹ́lẹ̀, mi ò dẹ̀ bi yín, ṣùgbọ́n ẹ má mú un padà wá.

Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ọkọ̀ tí ò ní dírẹ́bà, ẹ bèèrè ìdí tí ti tẹ́lẹ̀ fi lọ. Ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí éà, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́, kún, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ṣíìì" níbì kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dí i. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ padà láì sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ máa tẹ bíréèkì léraléra kí éà rẹlẹ̀, kó tó wá sí ìsàlẹ̀ 60 psi lójú géèjì, ó yẹ kí ọkọ̀ ti máa pariwo fún yín. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀ lára táyà kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ 2218, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é, táyà yẹn ti gbó ju èyí tí mo lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 30 lé lọ. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà lẹ máa gbé, ẹ fọwọ́ ara yín yí twist lock mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń di kọ̀ǹténà mọ́ ara tírélà, ẹ má gbà á lẹ́nu mọ́tò bọ́ì.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn yín. Pọ́ọ̀tù Apápá ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ láti February 2021, ẹ ò kàn lè lọ tò sórí bíríìjì bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀gá yín ló máa bá yín gba ààyè, ẹ má kúrò ní páàkì láìrí i. Pọ́ọ̀tù Lẹ́kí náà ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023. Eré tí òfin fún tírélà lójú ọ̀nà márosẹ̀ ṣì jẹ́ kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bú yín máa bú yín lọ.

Tí ọ̀gá bá ní Mọ́ńdè náà ni dandan, kó wá dírẹ́bà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún Kánò yẹn, kí ẹ̀yin bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá tẹ́jú lọ́sàn-án, á tún jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí ọ̀nà Jẹ́bà ṣe rí báyìí kó tó di pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa kojú ẹ̀. Tó bá kọ ìyẹn náà, ẹ dúró de ọkọ̀ míì. Ẹ ka ìdáhùn yìí fún Ìyàwó, kí àwọn náà mọ ètò tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ̀wé sí mi tí ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn bá pé, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lọ.