Ìbéèrè àti ìdáhùn: Sọ́fítíwíà owó oṣù wo ló yẹ ilé ìṣebúrẹ́dì mi?

Ìbéèrè: Ilé ìṣebúrẹ́dì ni mo ní nílùú Iléṣà. Èèyàn mẹ́fà la fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí òṣìṣẹ́ 19 ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi, yàtọ̀ sí àwọn tó ń gba owó ojúmọ́. Inú ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí: ẹni tó yá owó, ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru. Ẹnìkan wá polówó sọ́fítíwíà fún mi, ó ní kí n san owó ọdún kan sílẹ̀. Akọ̀wé mi ní Excel ti tó wa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ra sọ́fítíwíà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì san owó ọdún kan.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ rà á ni pé òṣìṣẹ́ yín ti kọjá 15. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún irú yín láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ á mú ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún wá, ẹ̀yin á fi ìdá 10 tiyín kún un, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá ti sanwó. Owó-orí tí ẹ yọ lọ́wọ́ wọn náà ní ọjọ́ tirẹ̀: kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Akọ̀wé yín lè fi Excel ṣe gbogbo èyí. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dúró, tàbí tó bá ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ta ni yóò mọ ohun tó kọ síbẹ̀?

Wàyí o, ẹ dán sọ́fítíwíà náà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, àwọn sọ́fítíwíà kan sì lè wà tí ìṣirò àtijọ́ ṣì wà nínú wọn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó fi òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ₦100,000 lóṣù sínú rẹ̀ lójú yín. Kó kà á pé owó ìpìlẹ̀, owó ìrànwọ́ ilé àti owó ìrànwọ́ ọkọ̀ nìkan ló wà nínú owó náà, kó yọ ìdá 8 owó ìfẹ̀yìntì, kó sì kọ ₦200,000 sílẹ̀ fún owó ilé tí òṣìṣẹ́ náà ń san fún onílé lọ́dún. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyí: ₦1,200,000 lọ́dún, ẹ yọ ₦96,000 owó ìfẹ̀yìntì, ẹ yọ ₦40,000 tí í ṣe ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀, ó ku ₦1,064,000. Òfin kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦264,000 tó kù, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn ₦39,600 lọ́dún, ₦3,300 lóṣù. Bí ẹ bá rí nǹkan bí ₦5,540, ìṣirò àtijọ́ ló ń lò, ẹ ó sì máa yọ ohun tí kò tọ́ nínú owó ẹni tó jí ní agogo méjì òru láti po ìyẹ̀fun. Ẹ bá a fi ẹni tó ń gba ₦70,000 síbẹ̀ pẹ̀lú. Owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí nìyẹn, òfin sì yọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá nínú owó-orí. Òdo ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ló kàn, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Ọmọ òṣómàáló ni yín, n kò ní kọ́ yín bí a ti ń gba gbèsè. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kò fẹ́ kí ohun tí ẹ máa yọ lóṣù kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹ wá èyí tó lè pín gbèsè sí oṣù mélòó kan, tó sì ń kọ iye tó ṣẹ́kù sórí ìwé owó oṣù tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Bí òun náà bá ń rí i lóṣooṣù, àríyànjiyàn á dín kù.

Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá owó ojúmọ́ àti owó òru ṣeé fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ́fíìsì ńláńlá kò mọ̀ ju owó oṣù tó dúró sójú kan lọ. Bí wọ́n bá sì ń gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ka aṣojúmọ́ tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré gẹ́gẹ́ bí odindi èèyàn kan.

Àwọn kan máa ní kí ẹ kó gbogbo owó fún àwọn, pé àwọn á bá yín san owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Èmi ò fara mọ́ ọn fún oníṣòwò tó wà ní ìwọ̀n yín. Bí owó náà kò bá dé, ẹ̀yin ni ìjọba máa mú, kì í ṣe àwọn. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣírò, kí ẹ̀yin fúnra yín sanwó láti báńkì yín, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ti iná àti nẹ́tíwọ̀kì kò le tó bí a ti rò, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta lóṣù ni. Èyí tó ṣeé ṣí lórí fóònù ti tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde sí Excel nígbàkigbà, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tó bá yege, ẹ san ti oṣù kan tàbí méjì. Kí akọ̀wé máa ṣe Excel rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi èsì méjèèjì wéra lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan kí owó tó jáde. Kí wọ́n sì bá yín tẹ owó tí ẹ ti san láti oṣù kìíní ọdún yìí sínú rẹ̀, torí ìwé ìṣirò ọdún yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ tó kọjá, gbogbo oṣù 12 ni wọ́n sì máa béèrè.