Ọwọ́ Tó Ń Gbọmọ Ò Tó

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ìbàdàn, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọmọ Méjì. Ó gùn díẹ̀, mo gé e kúrú:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Akóbọ̀ là ń gbé, ọsìbítù aládàáni kan lápá Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àkọ́bí mi ti pé ọdún 4, àbúrò rẹ̀ jẹ́ oṣù 5. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fún mi nígbà tí mo bímọ, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo aláboyún pé ọmú nìkan ni kí wọ́n fún ọmọ títí oṣù 6, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsìbítù ni mo ti ń fún ọmú tèmi dà sínú bẹ́ésìn, torí ó ti máa ń rin aṣọ iṣẹ́ mi gbindin. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan ló ń bá mi gbé ọmọ nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n wá máa ṣolórí yàrá ìrọbí, ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi ní bí iṣẹ́ bá ti ń ni mí lára, kí n fi sílẹ̀, òun á máa fún mi lówó oúnjẹ. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń bá a wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo sì máa ń gúnyán fún wọn. Ìyá ọkọ mi, tó ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn títí ó fi dàgbà, ní láyé tiwọn, abiyamọ kì í fi ọmọ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ti tó oṣù kan tí mi ò lè sùn, kódà bí ọmọ bá sùn. Mo máa ń sunkún ní balùwẹ̀. Oúnjẹ ò wù mí. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Àbí tara mi nìkan ni mo mọ̀ tí mi ò fi fẹ́ fi í sílẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ọwọ́ lómi, o sì kú iṣẹ́. Ìbéèrè méjì lo bi mí, èyí tí o ò bi mí ni màá kọ́kọ́ dáhùn.

Odindi oṣù kan láìrí oorun sùn, ẹkún ní balùwẹ̀, oúnjẹ tí kò wù ọ́. Bí abiyamọ kan bá jókòó níwájú rẹ tó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ báyìí, ṣé wàá ní kó lọ mára le? O mọ ìbéèrè 10 yẹn, ti Edinburgh, tí wọ́n ti ń fi yẹ àwọn ìyálọ́mọ wò láti ọdún 1987, bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ ń bá wọn jà. Gbé e síwájú ara rẹ lálẹ́ òní. Dáhùn rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, pàápàá ìkẹwàá. Bí ó bá ti wá sí ọ lọ́kàn rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí láti ṣe ara rẹ ní jàǹbá, jí ọkọ rẹ, kẹ́ ẹ jọ gba ọsìbítù lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tàbí kó tó mọ́. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó ṣì yẹ kó o rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹkún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ta ni kò sun ún rí? Èyí tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, wíwò là ń wò ó. UCH ò jìnnà sí yín, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀ka yẹn, ẹni tó ń jáṣọ lọ́jà ni àwọn èèyàn wa máa ń rántí. Ìwọ nọ́ọ̀sì, o mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Títí wàá fi rí dókítà, má kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan. Ẹni tí oorun ń pa kì í dájọ́ ara rẹ̀ ire.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ, tó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi. Ẹni tó ta òfì títí ó fi dàgbà! Bí wọ́n bá di ẹrù láti Ìsẹ́yìn wá sí ọjà Òjé nílùú yín, níbi tí àwọn aláṣọ òkè ti máa ń pàdé, ta ló ń gbé ọmọ? Nínú agbo ilé, ìyá ọkọ wà ńlẹ̀, orogún wà ńlẹ̀, ìyàwó ilé bí i mẹ́ta mẹ́rin wà ńlẹ̀, àwọn ọmọge ilé tún ń bẹ. Bí ọmọ bá ké lójúde, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ní ń gbé e pọ̀n, bó bá sì ṣe pé ẹni náà ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú, á fi ọmú sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ pé aláṣọ fọmọ sílẹ̀. Ọjà ló lọ, ilé ń bá a gbọmọ. Ìwọ ńkọ́? Ilé oníyàrá mẹ́ta ní Akóbọ̀, géètì níwájú, ọkọ tó ti jáde kí ojúmọ́ tó mọ́, àti ọmọbìnrin kan. Iṣẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ ṣe náà lò ń ṣe. Ọwọ́ tó ń gbọmọ lẹ́yìn rẹ ni kò tó. Nítorí náà, ìbéèrè rẹ kejì: rárá o, kò sí ìmọtara-ẹni kankan níbẹ̀.

Mo ní láti bá ọ wí níbì kan, fara balẹ̀ gbọ́. Ọmọ ọdún 15 tó ń bá ọ gbé ọmọ, ọmọ ni òun náà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2003, ọmọdé ni ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ilé ẹ̀kọ́ ló sì yẹ kó wà láago mẹ́wàá òwúrọ̀. O ò lè máa sunkún nítorí ọmọ tìrẹ kí ọmọ ẹlòmíràn máa fọ ìlédìí ní kọ̀ọ̀rọ̀ ilé rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara rẹ náà ò balẹ̀. Tí oorun ò bá kùn ọ́ ní wọ́ọ̀dù láago méjì òru, apá kan nínú rẹ̀ ni pé o mọ̀ pé ọmọ lo fi ọmọ tì.

Krẹ́ẹ̀ṣì ni kó o wá. Má ṣe wá a sí Akóbọ̀, ìtòsí ọsìbítù ni kó o wá a sí, ibi tó o lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ìdí rẹ̀ nìyí: Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 54, ló ní kí wọ́n fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n fún ọ ti wá. (Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gba oṣù 6 láti 2014, ṣùgbọ́n ẹkún ìyẹn kọ́ là ń sun.) Abala kan náà ló ní kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú máa gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́, láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn tó ń lo apá kejì yìí ò pọ̀, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Bí ọ̀gá yín bá ní ilé ìṣòwò nìkan ni òfin náà bá wí, bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbé aláboyún wọ yàrá ìrọbí, kí ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá wà ní Akóbọ̀, kí lo fẹ́ fi ààbọ̀ wákàtí ṣe? O ò tíì dé Iwo Road tó fi máa pé.

Lọ́jọ́ tí o ò bá ráyè dé krẹ́ẹ̀ṣì, yé da omi ọmú nù sí bẹ́ésìn. Kúlà kékeré kan pẹ̀lú omi dídì inú ike, á gbà á fún ọ títí wàá fi délé, bí iná bá tilẹ̀ lọ. Fún un sínú ike tó ní ìdérí, kọ ọjọ́ àti aago sí i lára. Wò ó, èmi ni mò ń kọ́ agbẹ̀bí!

Ipò tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, gbogbo bó o ṣe kọ̀wé nípa rẹ̀, bí ẹni pé ẹrù kejì ni wọ́n fẹ́ gbé lé ẹrù àkọ́kọ́. Ṣé o ti béèrè? Lọ́pọ̀ ọsìbítù, ẹni tó bá ń ṣolórí wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ àárọ̀ ló máa ń ṣe jù, òun ló sì ń pín ẹni tó máa ṣe alẹ́. Ó lè jẹ́ pé ipò yìí gan-an ló máa yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ òru. Kọ lẹ́tà sí wọn. Sọ pé o gbà á tayọ̀tayọ̀, kó o wá ka ohun mẹ́rin tó o fẹ́ sílẹ̀: kò sí iṣẹ́ alẹ́ títí ọmọ á fi pé ọdún kan, ààbọ̀ wákàtí méjì òfin, yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́mọ lè jókòó sí, àti owó oṣù tó bá ipò náà mu, ní kíkọ sílẹ̀. Yàrá yẹn, ìwọ nìkan kọ́ lò ń tọrọ rẹ̀ fún.

Ọkọ rẹ dáadáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ kì í ṣe owó oṣù, òun náà mọ̀ ọ́n. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ, ọdún mẹ́ta mẹ́ta lò ń sọ ọ́ dọ̀tun, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà tó o gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó fún ọ. Bí o bá jókòó sílé ọdún márùn-ún, kì í ṣe ibi tó o ti sọ̀ kalẹ̀ ni wàá ti padà wọkọ̀.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé "ó ti rẹ̀ mí" là ń sọ fún ọkọ. Kí ni wọ́n máa ń dáhùn? "Pẹ̀lẹ́." Wọ́n sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ kì í fọ ìgò ọmọ, kì í lọ mú àkọ́bí nílé ìwé. Dárúkọ iṣẹ́ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Òun ni yóò máa gbé àkọ́bí lọ sílé ìwé láàárọ̀. Òun ni yóò máa wẹ ọmọ lálẹ́, kó o lè jókòó jẹun gbígbóná. Bí ọmọ bá jí láàárín ìdájí lọ́jọ́ Saturday, òun ni yóò gbé e, kí ìwọ sun wákàtí mẹ́fà gbáko. Kò ní mọ̀ ọ́n wẹ̀ bíi tìrẹ. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ máa wò ó.

Iyán ọjọ́ Sunday ńkọ́? Ó parí. Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ẹni tó bá ń pebi lẹ́yìn ìsìn, búkà pọ̀ láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ fún ọkọ rẹ, fi ìwé ìròyìn yìí sórí tábìlì kó rí i.

Ìyá ọkọ rẹ, pè wọ́n. Má lọ jiyàn òfì pẹ̀lú wọn, èmi ni mo sọ ìyẹn. Kúnlẹ̀ lórí fóònù, kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lo oṣù méjì pẹ̀lú yín, títí ọmọ yóò fi mọ krẹ́ẹ̀ṣì. Wọ́n lè má fẹ́ kúrò ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n sì lè ti máa retí kẹ́nì kan pè wọ́n.

Bí àwọn ọsìbítù bá dáhùn lẹ́tà rẹ, kọ̀wé sí mi, kí n mọ èyí tí wọ́n gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá gba mẹ́ta yòókù tí wọ́n kọ ti iṣẹ́ alẹ́, má tíì bu ọwọ́ lùwé.