Ìbéèrè Òǹkàwé: Nígbà Tí Yàrá Ìbùsùn àti Kíláásì Bá Wà Lábẹ́ Òrùlé Kan

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń yí ká: ètò tí yunifásítì fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí jọ sí ilé kan, kí wọ́n lè máa gbé pọ̀, kí wọ́n sì máa kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí wa obìnrin ti rí ìwé ìgbàwọlé gbà sí Yunifásítì Maryland ní College Park, bàọ́lọ́jì ni ó sì fẹ́ kà. Kò pẹ́ tí ìwé mìíràn tún fi dé, tí wọ́n fi pè é sínú ètò tí wọ́n ń pè ní College Park Scholars, ní ẹ̀ka Life Sciences, pé kí ó wá máa gbé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà. Bowie ni ilé wa. Bí ọ̀nà bá dá, kò ju ìdajì wákàtí lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ilé kì í háyà yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tiwọn ní kí a má jẹ́ kó bọ́, nítorí pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti di dókítà tán. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá Àkọ́bí, Bowie, Maryland.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó lè ná yín lówó jù. Ètò yìí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ìṣègùn. Ohun tí àwọn ilé ìwé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ń wò ni máàkì ọmọ nínú bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, èsì MCAT, ìdánwò ìgbàwọlé sí ilé ìwé ìṣègùn, lẹ́tà àwọn olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, àti iṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú láàbù tàbí lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ètò ìgbépọ̀ lè fi ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà han ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣa wọ́n jọ.

Ohun tí ètò náà jẹ́ gan-an rèé. Ọdún 1994 ni College Park Scholars bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá ń wọlé sí ọdún kìíní ni wọ́n ń pè sí i, wọ́n sì pín wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó wù wọ́n láti kọ́. Life Sciences jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ọdún méjì ni ó ń gbà. Àwọn ilé ìgbé tí wọ́n ń pè ní Cambridge Community ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á jọ máa jókòó sí kíláásì kékeré kan tí kò sí fún ẹlòmíràn, nígbà tó bá sì yá, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀, yálà ìwádìí nínú láàbù, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwùjọ. Ní ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí College Park wà dára púpọ̀, nítorí pé kò jìnnà sí Bethesda tí àwọn láàbù NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀, wà, kò sì jìnnà sí White Oak tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fi ṣe ibùjókòó.

Kì í ṣe Maryland ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1927, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alexander Meiklejohn kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ sí ilé kan ní Yunifásítì Wisconsin, kí wọ́n lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1932 ni wọ́n ti í pa. Ní 1967, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Lyman Briggs sílẹ̀ fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì nìkan, nínú ilé Holmes Hall, tí yàrá ìbùsùn, kíláásì, láàbù àti ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ fi wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí kò bá ṣe pé òfin láàbù kò gba sálúbàtà, akẹ́kọ̀ọ́ ìbá ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sí ìdí maikirosíkóòpù.

Ẹ ó béèrè pé kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí Bàbá dúró tì mí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì California ní Berkeley, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó wọlé pẹ̀lú máàkì tó dára ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò ọdún kìíní. Ó fi wọ́n wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdílé wọn wá láti Ṣáínà. Kò rí i pé wọ́n jẹ́ ọ̀lẹ, kò sì rí i pé àwọn òbí wọn kò bìkítà. Ohun tó rí ni pé ńṣe ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kàwé, ní àdáṣe, nígbà tí àwọn ará Ṣáínà ń jókòó pọ̀, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, tí wọ́n sì ń sọ fún ẹni tó bá ṣì í pé ó ti ṣì í. Ìyá wa, báwo ni a ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa? “Wọ yàrá rẹ lọ, kọjú mọ́ ìwé rẹ, má tẹ̀lé ọ̀rẹ́ kankan.” Ọ̀rọ̀ yẹn dára títí ọmọ fi jáde ilé ìwé girama. Nínú kẹ́mísìrì yunifásítì, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó nínú gbọ̀ngàn kan tí olùkọ́ kò mọ orúkọ ìdá mẹ́wàá wọn, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó ń pa ọmọ lára.

Ní Maryland yín níbẹ̀, ẹ̀rí kan wà tí kò ṣeé jiyàn sí. Ní UMBC, yunifásítì tó wà lẹ́bàá Baltimore, Freeman Hrabowski, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ibẹ̀, àti Robert Meyerhoff, olówó tó fi owó rẹ̀ ṣèrànwọ́, dá ètò Meyerhoff Scholars sílẹ̀ ní 1988. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú 19 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, tí wọ́n wọlé ní 1989. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, wọ́n sì wá ṣí i fún gbogbo ẹ̀yà. Kí ọdún kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n jọ gbé, kí wọ́n jọ kàwé. A sì ń retí pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kizzmekia Corbett, tó wà nígbà náà lára àwọn onímọ̀ NIH tí iṣẹ́ wọn di abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Moderna, inú ètò náà ni ó ti jáde ní 2008.

Nítorí náà, ìdajì wákàtí ọkọ̀ kọ́ ni ẹ ó wọ̀n. Ohun tí ẹ ó wọ̀n ni aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láàbù ọ̀sán lè pẹ́ kí ó tó tú. Lẹ́yìn oúnjẹ ni àwọn ọmọ máa ń pé jọ sí pálọ̀ ilé ìgbé láti tú ìbéèrè kẹ́mísìrì palẹ̀. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ wọ òpópónà Beltway ní aago mẹ́fà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀, ti pàdánù ohun tí ètò náà wà fún.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Owó ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ bí ọmọ bá gbé ilé tàbí ọgbà; owó yàrá àti oúnjẹ ni ìyàtọ̀ wà, kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìrànwọ́ owó, kí wọ́n fi ìṣirò méjèèjì hàn yín, ti ẹni tó ń gbé ọ̀dọ̀ òbí àti ti ẹni tó ń gbé ọgbà. Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ni Bàbá yóò tọrùn bọ̀ kí ọmọ tó lè sùn ní College Park, kí ó máa ti ilé lọ. Kí ẹ sì bi àwọn olùdarí ètò náà, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ẹni tó ń ti ilé wá lè wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí owó bá wà láìsí gbèsè, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó lọ gbé ibẹ̀ ní ọdún kìíní ó kéré tán.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn òbí wa lẹ́nu: òfin FERPA ti ọdún 1974, tó ń dáàbò bo àṣírí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, fi èsì ìdánwò sí ọwọ́ ọmọ lọ́gán tó bá ti wọ yunifásítì. Òbí ló ń sanwó, ọmọ ló ni ìwé èsì. Ẹ ti bá a ṣàdéhùn báyìí lórí bí yóò ṣe máa fi hàn yín.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ka maikirobaọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó kà nípa àwọn ètò ti Amẹ́ríkà wọ̀nyí, ó wá ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ nílé. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá Ọlọ́mọ, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Bàbá wa, òótọ́ ni pé àwọn họ́ọ̀lù Ìbàdàn, láti orí Mellanby tó jẹ́ àkọ́kọ́, kì í pín ọmọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọmọ òfin àti ọmọ bàọ́lọ́jì lè jọ wà ní yàrá kan. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín má tíì sọ pé kò sí rárá. Àwọn ọmọ ìṣègùn tó ti wọ wọ́ọ̀dù ń gbé ní Alexander Brown Hall, nínú ọgbà UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, gan-an. Láti 1963 ni Ìbàdàn sì ti ń rán àwọn ọmọ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà, kí wọ́n lọ gbé láàárín àwọn ará Ìbàràpá, kí wọ́n sì kọ́ bí àìsàn ṣe rí ní ilé aláìsàn kí ó tó dé ilé ìwòsàn. (Ó jọ mí lójú pé nígbà tí a bá dárúkọ Igbó-Ọrà, ìbejì nìkan ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí.) Ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn kì í gboyè láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ọdún kẹrin wọn dáko, ètò COBFAS sì ni wọ́n dá sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣe é láàárín àwọn àgbẹ̀.

Èyí tí a kò ní ni ètò fún ọmọ ọdún kìíní, tó sì jẹ́ pé ọdún yẹn ni ọmọ nílò rẹ̀ jù. Kí ọmọ yín wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀kọ́ kan náà, kí wọ́n yan alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, kí olúkúlùkù sì máa gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹnì kejì láti ṣàlàyé. Kò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má dárúkọ mi. Mo wà ní ọdún kìíní nínú irú ètò yìí ní Amẹ́ríkà. C ni mo gbà nínú ìdánwò kẹ́mísìrì àkọ́kọ́. Máàkì ni gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, mo wá ń jẹun nínú yàrá kí n má bàa rí wọn. Mo fẹ́ kúrò nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù màmá mi ń bà mí.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń dunni ni o dé yẹn, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sì í sọ ọ́. Àwọn tó ń ké máàkì wọn ni àwọn tó ní máàkì láti ké. Ẹni tí tirẹ̀ kò dára ti wọ yàrá bíi tìrẹ. Kan ilẹ̀kùn ẹnì kan nínú wọn.

Kíkúrò nínú ètò, fífi kẹ́mísìrì sílẹ̀ àti fífi bàọ́lọ́jì sílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má jẹ́ kí ìtìjú papọ̀ wọn di ọ̀kan. Bí ilé náà bá ṣì ń fún ọ lọ́rùn nígbà tí sáà bá parí, kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gba bàọ́lọ́jì lọ́wọ́ rẹ nítorí rẹ̀. Ní ti Màmá, ìwọ ni kí o sọ fún wọn, lórí fóònù, kí o tó délé: sọ máàkì náà, lẹ́yìn náà kí o sọ ohun tí o ti ṣe nípa rẹ̀. Kí o lè rí nǹkan sọ, mú ìwé ìdánwò náà jáde, wo wákàtí tí olùkọ́ rẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì, kí o sì lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí.