Káàdì Tí Wọn Ò Kọ Gbèdéke Sí: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí, orí káàdì àwìn ni gbogbo wọn sì dá lé. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú: káàdì ATM, owó tó wà nínú àkáǹtì yín ló ń fà. Káàdì àwìn ní tiẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ káàdì lẹ fi ń rajà, ẹ ó wá san án padà bí oṣù bá yí. Gbèdéke rẹ̀ ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà kẹ́ ẹ jẹ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní Houston kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Káàdì àwìn méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀hún: gbèdéke ọ̀kan jẹ́ dọ́là 9,000, ti èkejì jẹ́ 3,000. Ilé-iṣẹ́ tó ni èyí ńlá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gbé e ga fún mi, pé kò ní ní gbèdéke mọ́. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin sì fẹ́ jọ yá owó ilé níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. 780 ni máàkì kírẹ́díìtì mi. Ṣé ìgbéga yìí ò ní bà á jẹ́? (Ìyá Ìbejì, Bódìjà)

Ẹ kú ìsinmi iṣẹ́, Mà. Ìgbéga fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba máàkì jẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí ni nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa kọ sí àyè gbèdéke nínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè aráàlú ní Amẹ́ríkà.

Láti 300 dé 850 ni máàkì FICO ń lọ, ìyẹn máàkì kírẹ́díìtì tí àwọn tó ń yáni lówó níbẹ̀ sábà máa ń wò. Bí ẹ ṣe ń san gbèsè lásìkò ló kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Iye tí ẹ jẹ kó ìdá 30. Ọjọ́ orí àwọn àkáǹtì kó 15. Àkáǹtì tuntun àti oríṣi gbèsè tó wà lọ́rùn yín pín 20 tó kù ní dọ́gbadọ́gba. Inú ìdá 30 yẹn ni ọ̀rọ̀ tiyín bọ́ sí, nítorí wọn kì í wo iye gbèsè lásán. Wọ́n ń wo ìdá mélòó nínú gbèdéke lẹ ti ná.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò ẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ẹ jẹ 1,500 lórí káàdì ńlá, ẹ sì jẹ 300 lórí kékeré. 1,800 nínú 12,000 nìyẹn, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín jà. Ẹ wá gba ìgbéga. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣì ń kọ 9,000 síbẹ̀, bí àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe Visa Signature àti World Mastercard, tí wọ́n jẹ́ káàdì ìpele gíga, ṣe máa ń ṣe, kò sí ohun tó yí padà.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo ńkọ́? Àwọn ẹ̀dà FICO àtijọ́ kan máa ń wá nǹkan mìíràn fi dí àyè náà, gbèsè tó ga jù lọ tí káàdì yẹn ti gbé rí ni wọ́n sì sábà máa ń mú. Bí ẹ ò bá tíì jẹ ju 2,000 lọ lórí rẹ̀ rí, 2,000 ló di gbèdéke yín. 1,500 nínú 2,000 jẹ́ ìdá 75. Bí ẹ bá da káàdì méjèèjì pọ̀, 1,800 nínú 5,000 ni, ìdá 36. Gbèsè yín ò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i o, àmọ́ lójú ẹ̀rọ, ẹ ti di ẹni tó ń ná káàdì dé góńgó.

Àwọn ẹ̀dà tuntun sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí káàdì tí wọ́n ń san tán lóṣooṣù, tí kò ní gbèdéke, ńṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yìí pátápátá. Káàdì kékeré nìkan ló máa kù: 300 nínú 3,000, ìdá 10. Èyí á gbè yín. Ṣùgbọ́n ká ní orí káàdì kékeré ni 1,500 yẹn wà ni, ìdá 50 ni wọn ì bá rí, torí 9,000 tó ń tì í lẹ́yìn ti lọ.

Owó ilé tí ẹ dárúkọ ló mú ká fọwọ́ lé ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń yáni lówó ilé ní Amẹ́ríkà ti ń lo FICO ẹ̀dà 2, 4 àti 5, tí wọ́n jẹ́ ògbólógbòó, bí ẹ̀dà 8 tilẹ̀ ti gbalẹ̀ níbi tó kù. Máàkì tí ẹ ń rí lórí fóònù yín lè máà jẹ́ èyí tí wọn yóò wò. Bó bá jẹ́ tiwa ni, a ò ní fọwọ́ kan káàdì yẹn títí owó ilé yóò fi bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìgbéga kì í sá lọ. Wọn á tún kọ̀wé.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá àkáǹtì yín àtijọ́ náà ni yóò máa bá a lọ, àbí tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí. Bó bá jẹ́ àtijọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ò yẹ̀. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo lórí káàdì yẹn nìyẹn, wọ́n á sì yẹ àkọsílẹ̀ yín wò ní ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní hard pull. Ìyẹn ò pọ̀: fún ọ̀pọ̀ ènìyàn máàkì tó ń yọ kì í tó 5, ọdún méjì ló ń lò nínú àkọsílẹ̀, oṣù 12 péré sì ni FICO fi ń kà á. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ni wọn yóò máa kọ sí àyè gbèdéke. Ẹni tó gbé fóònù lè máà mọ èyí. Ẹ ní kó so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó ń bójú tó ìròyìn kírẹ́díìtì. Ẹ má gba "kò sí wàhálà, Mà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéga, ẹ gba àkọsílẹ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí AnnualCreditReport.com, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ lè gbà á lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá orúkọ káàdì náà, kẹ́ ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Credit Limit (gbèdéke) sí àti èyí tí wọ́n kọ High Balance (gbèsè tó ga jù lọ) sí. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ṣófo tàbí tí wọ́n kọ 0 síbẹ̀, èkejì ni kẹ́ ẹ máa fọkàn sí. Bí nọ́ńbà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún yín, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹni tó ni àkọsílẹ̀ náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin sábà máa ń fún wọn láti wádìí.

Àbúrò mi ní Atlanta ń fọ́nnu pé káàdì òun ò ní gbèdéke. Ó fẹ́ fi san dọ́là 14,000 fún ẹ̀rọ kan tó fẹ́ kó ránṣẹ́ sílé, káàdì kọ̀. Kí ni wọ́n wá ń pè ní kò ní gbèdéke? (Bọ̀dá Ṣèyí, Mọ́kọ́lá)

Gbèdéke wà. Wọn ò kàn kọ ọ́ síta ni. Ẹ wo ìyá oníràìsì ní ọjà Bódìjà. Kì í sọ fún oníbàárà pé àpò mẹ́ta ni àwìn rẹ mọ. Ẹni tó ń gbé àpò kan lọ́sẹ̀, tó ń sanwó ní gbogbo Sátidé, bó bá ní òun fẹ́ méjì, ìyá á gbé e fún un láìwo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá dédé ní òun fẹ́ ogún àpò, ìyá á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Ẹ mú díẹ̀ wá ná." Ohun tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ káàdì ń ṣe náà nìyẹn. Ó ń wo bí àbúrò yín ṣe ń náwó tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń san án padà, iye tó sọ pé ó ń wọlé fún òun, àti gbèsè rẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó ń ná 900 lóṣù tó wá gbé 14,000 jáde, ogún àpò ìrẹsì nìyẹn.

Kó tó lọ sórí káwúńtà, kó bèèrè. American Express ní ibì kan lórí áàpù wọn tí èèyàn lè tẹ iye tó fẹ́ ná sí, tí wọn á sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá yóò kọjá. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní irú rẹ̀, kó pè wọ́n ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Káàdì tó kọ̀ kì í dé inú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì o, ojú tì í lásán ni.

Ibi tó ti ń kó ọ̀pọ̀ wọn sí wàhálà ni ọ̀rọ̀ sísan. Lórí Visa Signature àti irú rẹ̀, apá kan gbèsè lèèyàn lè gbé wọ oṣù kejì pẹ̀lú èlé. Èyí tó bá lé lórí apá yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ owó tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ san lóṣù náà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa san 35 dọ́là á ṣí ìwé, á bá 4,000. Bó bá san 35 bó ṣe máa ń ṣe, kò tíì san nǹkan kan lójú wọn. Bó bá ti pé ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n lè ròyìn rẹ̀ pé ó pẹ́, àbàwọ́n yẹn á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méje. Gbogbo ìdá tí a ṣírò lókè, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi káàdì mi tí kò ní gbèdéke ra nǹkan ńlá lẹ́ẹ̀kan, kí n san án kíá, pé máàkì mi á gòkè. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Ìbàdàn ní Houston)

Ìdajì òótọ́ ni. Bí ẹ̀dà àtijọ́ bá ń fi gbèsè tó ga jù rọ́pò gbèdéke, gbèsè ńlá kan ṣoṣo yóò gbé nọ́ńbà yẹn sókè, 500 tí ẹ ń jẹ lẹ́yìn náà á sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nínú oṣù tí gbèsè ńlá yẹn fúnra rẹ̀ bá jáde, ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa rí. Ẹ̀dà tuntun ò sì kà á sí. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀, tó tilẹ̀ fẹ́ ra nǹkan náà tẹ́lẹ̀, kó fi káàdì rà á. Ká máa torí máàkì ra ohun tí a ò nílò, ìyẹn ò bọ́gbọ́n mu.

Ohun tó rọrùn jù wà. Ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìwé oṣù dé yàtọ̀ sí ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, ó kéré tán ọjọ́ 21 ló wà láàárín wọn. Iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé pa dé ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ròyìn. Bí tiyín bá ń pa dé ní ọjọ́ 18, ẹ san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà ní ọjọ́ 14 tàbí 15, kó ráyè wọlé. Ẹ fi bíi 20 tàbí 30 dọ́là sílẹ̀, kẹ́ ẹ san ìyẹn nígbà tí ìwé bá dé.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Báǹkì mi ní Dùgbẹ̀ ní àwọn fẹ́ fi káàdì àwìn tó ga rọ́pò tèmi. Ṣé irú máàkì yìí wà ní Nàìjíríà? Ṣé ti ọmọ mi ní Amẹ́ríkà lè ràn mí lọ́wọ́? (Alhaja, Gbági)

Ó wà, Alhaja, ṣùgbọ́n ti ọmọ yín ò kàn yín, tiyín ò sì kàn án. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń tọ́jú tiwa níbí, BVN yín ni wọ́n sì fi ń so gbogbo báǹkì pọ̀. Kí báǹkì tó yá yín lówó, ó gbọ́dọ̀ wo àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ méjì ó kéré tán nínú àwọn mẹ́ta yìí. Owó kékeré tí ẹ gbà lórí áàpù fóònù tí ẹ ò san lè yọjú níbẹ̀. Láti 2020 sì ni báǹkì tí ẹ jẹ lówó ti lè fa owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn nípasẹ̀ BVN yìí kan náà.

Ọ̀rọ̀ káàdì aláìní-gbèdéke kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Káàdì tí báǹkì yín ń sọ á ní nọ́ńbà lórí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ gba àkọsílẹ̀ yín. Òfin 2017 lórí ìròyìn kírẹ́díìtì fún yín láṣẹ láti gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ẹ wò ó bóyá gbèsè tí ẹ ti san tán ṣì wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó yá yín lówó pé ẹ ò jẹ ẹ́ mọ́, kó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àkọsílẹ̀ náà.

Káàdì àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má kàn jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Owó ìtọ́jú rẹ̀ lè máa gun ara wọn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ nawọ́ sí i, kó sì wá jáde bíi gbèsè tí ẹ kọ̀ láti san. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka báǹkì yín pé kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì tún àkọsílẹ̀ yẹn wò lẹ́yìn oṣù méjì.