Kó o tó ra abẹ́rẹ́ kúíltì, fọ aṣọ ẹ ná

Àbúrò mi ará Ẹ̀pẹ́, mo rí ohun tó o bi wá, pé irú abẹ́rẹ́ wo la fi ń rán kúíltì lọ́wọ́ torí èyí tó o rà ń tẹ̀, àti pé ṣé àjákù àǹkárá tó o gbà lọ́wọ́ télọ̀ dáa fún un. Fún ẹni tí ò bá mọ kúíltì, aṣọ ìbora ni, ègé aṣọ tá a rán pọ̀ ló wà lókè, nǹkan tó múlọ́ wà láàárín, aṣọ kan wà nísàlẹ̀, a wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Màá dé orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti aṣọ torí ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo.

Wọ́n kó wa jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan n'Íkòròdú níbí, wọ́n mú ọ̀gá kan wá tó ní òkè òkun lòun ti kọ́ ọ, ọ̀gá yìí ló sọ fún wa pé ká má fọ àǹkárá ká tó gé e, pé sítáàṣì ara ẹ̀ ló ń jẹ́ kó dúró lábẹ́ sísọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, ó rọrùn gé. Àmọ́ kò sọ ìyókù o! Láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé ni mo fi rán temi, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́. Bá a ṣe kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ báyìí, pupa yẹn tú, gbogbo funfun àárín ẹ̀ wá dà bí ìgbà téèyàn da sóbò sí i. Kò tán síbẹ̀, àwọn ègé kan súnkì, àwọn kan ò súnkì, ojú ìrán wá ń hun jọ. Mo jókòó ti báàfù yẹn, ẹkún gbọ̀n mí. Mo pe ọ̀gá, ó ní kí n da iyọ̀ àti fínígà sí i. Mo dà á, kò ṣe nǹkan kan! Iyọ̀ àti fínígà kì í di aró tó ti ń tú mú, ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, má dá a lóhùn.

Omi gbígbóná ló gbà mí. Omi tó pọ̀ nínú báàfù ńlá, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, kó o tẹ́ aṣọ náà sínú ẹ̀ kó rì pátápátá, kó má ká lé ara ẹ̀, kó o fi sílẹ̀ títí omi á fi tutù, kó o dà á nù kó o tún gbé òmíràn, títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Má sá a o, má lọ̀ ọ́ o, títí àwọ̀ yẹn á fi kúrò níbi tí kò yẹ kó wà. Tí omi bọ́hóòlù àdúgbò ẹ bá sì máa ń pọ́n, má fi fọ funfun rárá, omi òjò sàn jù ú lọ.

Torí náà gbogbo ẹ̀ ni kó o fọ̀ kó o tó gé e, títí kan aṣọ ìsàlẹ̀. Gé díẹ̀ lára èyí tó bá pupa, rẹ ẹ́ sómi, fi aṣọ funfun lé e, fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, tó bá ti ràn mọ́ funfun, tún un fọ̀.

Àjákù télọ̀ dáa, àmọ́ ìró àtijọ́ tó o ti fọ̀ láìmọye ìgbà dáa jù ú, ó ti tú gbogbo aró tó fẹ́ tú, ó sì ti súnkì tán. Àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama l'Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n fi ń rán kúíltì tiwọn, òun náà ni wọ́n gbé lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ṣe sítáǹbù ní 2006. Ta ló wá ní àfi aṣọ tuntun?

Ọ̀gá yẹn tún ní ká tú fáìbà ìrọ̀rí sáàárín. Má dán an wò, igun kan ló máa kó jọ sí tó o bá ti fọ̀ ọ́. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó tó sì fẹ́lẹ́ ni kó o tẹ́ sí i, ooru tiwa yìí ò gba èyí tó nípọn.

Ẹ̀ẹ́n, abẹ́rẹ́. Ó jọ pé abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n tà fún ẹ, ìyẹn gùn jù. Kúkúrú ni kó o bèèrè, wọ́n máa ń kọ betweens sára páálí ẹ̀, mú nọ́ńbà 9, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Òwú ẹ ò gbọdọ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, kó má baà lọ́. Kó o gán aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tòkè, tàárín àti tìsàlẹ̀, pọ̀ ná, láti àárín lọ sétí. Ìyókù o ti mọ̀ ọ́n. Ìka tó wà lábẹ́ aṣọ ni abẹ́rẹ́ máa ń gún, tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sórí aṣọ, omi tútù lójú ẹsẹ̀, má fi gbígbóná kàn án, á kúkú dúró síbẹ̀ ni.