Ṣé dandan ni kí BBC pe ẹni tó ń sẹ́ ìyípadà ojú-ọjọ́ kí ètò má bàa gbè sẹ́yìn ẹnì kan?

Rárá o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, BBC fúnra rẹ̀ kọ̀wé sáwọn oníròyìn rẹ̀ pé kò pọn dandan. Àpèjúwe tí wọ́n lò dùn mọ́ mi: tí Manchester United bá borí pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo, ta ló ń wá ẹni tí yóò ní wọn kò borí? Rẹfirí ti fọn fèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni pé ní oṣù Kẹjọ 2017, Nigel Lawson, tó ti ṣe mínísítà ìṣúnná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, sọ lórí ètò Today ti rédíò BBC Radio 4 pé ayé kò gbóná sí i láti bí ọdún 10. Irọ́ ni. Àní ọdún 2016 ló gbóná jù lọ nínú àkọsílẹ̀ títí dìgbà yẹn. Atọ́kùn ètò kò já a nírọ́ (èyí ló burú jù lójú tèmi), Ofcom, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì dá BBC lẹ́bi ní 2018.

Kì í ṣe pé BBC fòfin de àwọn tó ń sẹ́ ìyípadà ojú-ọjọ́ pátápátá ṣá. Wọ́n ṣì lè wá, àmọ́ atọ́kùn gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè dáadáa.