Ìjàpá Bàbá Mi Ti Ń Dógùn-ún: Ọ̀dà Wo Ni Kí N Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀ffà ni mo ń gbé. Bàbá mi fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ fún wa, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba Àjàṣẹ́-Ìpò lọ sí Ìlọrin nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń dáhùn ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀ ti rọ́ọ̀sì, ibi tí èrò ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ sí ti ń rún wómúwómú. Wẹ́dà àdúgbò wa ní kí n ra rẹ́d ọ́sáìdì gálọ́ọ̀nù kan kí n fi bo gbogbo ẹ̀, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì fín abẹ́ ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn, ọ̀dà wo gan-an ni kí n rà? (Ọmọ Tíṣà, Ọ̀ffà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Tíṣà, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ pé o ò tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri pé àwọn ń ra kọ́ńdẹ́m. Láti 2003 tí wọ́n ti ṣe ìkẹyìn Ìjàpá yìí ní Mẹ́síkò, kò sí tuntun tó ń bọ̀ mọ́, èyí tó bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí ẹ̀ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀dà, lọ yọ àga ẹ̀yìn. Ibi tí o ní ó ń rún yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé apá ọ̀tún ló burú jù, torí abẹ́ àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Ásíìdì ti ń kán sórí páànù yẹn láti ayébáyé. Tí o bá kun ọ̀dà lé ásíìdì lórí, owó ẹ lo dà nù. Po báíkìn sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò mọ́ omi, dà á síbẹ̀, tó bá ń hó, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀, máa dà á títí tí kò fi ní hó mọ́, kí o wá fi omi púpọ̀ ṣàn án, kó gbẹ dénú.

Lẹ́yìn náà mú skúrúdíráfà, máa fi gún abẹ́ ọkọ̀ náà kiri, má ṣojo. Ibi tó bá ń ró kọ́kọ́kọ́, tó jẹ́ ojú ẹ̀ nìkan ló pupa, wáyà brọ́ṣì àti sáńpépà nọ́ńbà 80 ti tó o. Ibi tó ti jẹ wọnú wínníwínní bí èèpo ọsàn, ó ń fẹ́ oògùn, màá ṣàlàyé. Ibi tí skúrúdíráfà bá ti wọlé, má fi ọ̀dà tan ara ẹ, páńẹ́ẹ̀bítà ló kàn, kó gé e dé ibi tí irin ti le, kó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì wò dáadáa pẹ̀lú, ihò gígùn tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà kọjá wà nínú irin ibẹ̀, inú ló ti máa ń jẹ jáde, ìgbà tí o bá fi máa rí i níta ó ti pẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn ẹ. Wẹ́dà yín ò parọ́ tán. Rẹ́d ọ́sáìdì kì í ṣe ọ̀dà burúkú, òun la fi ń kun géètì káàkiri Ìlọrin, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Omi máa ń rọra gba inú ẹ̀ kọjá, tí o bá fi òun nìkan sílẹ̀ láìkun ọ̀dà mìíràn lé e, irin á ti máa dógùn-ún lábẹ́ ẹ̀ nígbà tí òkè ẹ̀ ṣì rẹwà lójú ẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ohun tó sọ ọ̀dà yẹn di pupa, nǹkan kan náà ni pẹ̀lú ohun tó wà nínú irin tó dógùn-ún, ìyẹn irin àti atẹ́gùn tó ti di ọ̀kan, torí ẹ̀ ni ìdógùn-ún fi lè jáde sójú rẹ́d ọ́sáìdì kí o má tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì ní tiẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Òótọ́ ni pé epo ń lé omi, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ àwọn rọ́bà abẹ́ mọ́tò, erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí á lẹ̀ mọ́ ọn á máa gba omi dúró síbẹ̀, á máa kán sílẹ̀ sí àgbàlá yín, lọ́jọ́ tí o bá sì pinnu láti kun ọ̀dà gidi kò ní sí èyí tó máa dì mọ́ irin yẹn láéláé àfi kí o fọ̀ ọ́ kanlẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀dà jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni pé sáńpépà làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń mú, kí wọ́n tó fọ epo ara irin. Gíríìsì tó wà lójú irin, sáńpépà á kàn máa rin ín wọ inú gbogbo ojú tó ń ha sílẹ̀ ni. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ló kọ́kọ́ kàn, kó gbẹ, kí o fi tínà sórí àkísà funfun nù ún, máa pààrọ̀ àkísà títí tí kò fi ní dúdú mọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni sáńpépà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù mo kun ríìmù Píjò 404 kan láìfọ epo ara ẹ̀, ó dán gbinrin lọ́jọ́ tí mo gbé e fún oníǹkan, kí oṣù kan tó pé ó ti ń ṣí bí èèpo ẹyin sísè. Ó dùn mí gan-an, torí bàbá àgbàlagbà tó gbé e wá fọkàn tán mi. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe, mi ò gbowó, látọjọ́ náà mi ò fo ìgbésẹ̀ yìí mọ́.

Oògùn tí mo sọ fún ibi tó jẹ wínníwínní, inú ike ni wọ́n ń tà á sí, fọsfọ́ríìkì ásíìdì tàbí táníìkì ásíìdì ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tó bá kan ìdógùn-ún á pa á dà sí nǹkan mìíràn, á máa dúdú lọ, kò ní lè máa tàn kálẹ̀ mọ́. Inú ihò tí brọ́ṣì ò dé nìkan ni kí o ti lò ó, má fi kun irin tó mọ́, kí o sì ka ara ike ẹ̀ torí òmíràn wọ́n ní kí o ṣàn án dànù lẹ́yìn, òmíràn wọ́n ní kó dúró síbẹ̀.

Ọ̀dà wá ni. Fún abẹ́ ọkọ̀ àti inú ibi ẹsẹ̀, tí agbára bá wà, ra ípọ́sì práímà (práímà ni ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára irin), èyí tó ní háádínà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le. Ó dì mọ́ irin ju rẹ́d ọ́sáìdì lọ, omi ò sì tètè gba inú ẹ̀ kọjá. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, kì í ṣe ti ilé. Pò ó bó ṣe wà lára agolo, má fi ojú wọ̀n ọ́n, tí o bá ti pò ó tán kò sí pé o fẹ́ lọ jẹun kí o padà wá, á ti le mọ́ ọ lọ́wọ́. Fi brọ́ṣì kékeré kun gbogbo etí páànù, ojú ibi tí wọ́n jó, àti orí bóòtù kọ́kọ́, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò létí irin, ibẹ̀ ni ìdógùn-ún sì máa ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o wá kun gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tí oòrùn bá ti ń rí i, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà mìíràn lórí, torí oòrùn máa ń sọ ípọ́sì di ẹfun. Tó bá jẹ́ rẹ́d ọ́sáìdì ni owó ẹ ká, rà á, mi ò ní bá ẹ jà, ṣùgbọ́n kun ọ̀dà olóròóró lé e lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá gbẹ dáadáa. Ẹnì kan lè júwe ọ̀dà onísíńkì fún ẹ. Ó dáa, síńkì inú ẹ̀ ló máa ń jẹ kí irin tó jẹ, àmọ́ irin lásán tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ kàn, tí o bá kùn ún lé ọ̀dà àtijọ́ tàbí oògùn yẹn lórí, kò ní lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Má dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn o, omi ló ń gba ibẹ̀ jáde, ewé máńgòrò sì ti dí wọn tán báyìí, fi wáyà yọ ọ́. Inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí brọ́ṣì ò lè dé, wáàsì, ìyẹn ìda, tí wọ́n ń fín sínú ihò ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó, lẹ́yìn tí gbogbo ọ̀dà bá ti gbẹ. Má kun ibi tí wáyà bátìrì ti so mọ́ ara ọkọ̀, iná ò ní rìn. Má kun inú bíréèkì dúrọ́ọ̀mù níbi tó ti ń gbá bíréèkì mú. Ibi tí nọ́ọ̀tì táyà ti ń jókòó sára ríìmù, má jẹ́ kí ọ̀dà nípọn níbẹ̀, tí ọ̀dà bá fọ́ lábẹ́ ẹ̀ nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní omi, atẹ́gùn ló ń tù ú, má wá kun ọ̀dà nínípọn sára àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí i ká, ńṣe ló dà bíi pé o da aṣọ òtútù bò ó.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Lásìkò òjò, má kun irin láàárọ̀ kùtù, ìrì wà lára ẹ̀ bí o ò tiẹ̀ rí i, dúró di aago mẹ́wàá tí oòrùn ti gbé e. Lọ́yẹ́, eruku ni ọ̀tá, wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má sì kun irin tí oòrùn ti sè débi pé ọwọ́ ò lè dúró lára ẹ̀, òkè á gbẹ kí inú tó gbẹ, á máa yọ ihò. A tiẹ̀ jọ ń jàǹfààní kan ní Kwárà níbí, a jìnnà sí òkun, kò sí iyọ̀ nínú atẹ́gùn wa bíi ti àwọn ará Èkó, torí náà iṣẹ́ tí o bá ṣe dáadáa á pẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Píjò 504 ọkọ mi ni mo ṣì ń gbé lọ sọ́jà Ìpàtà. Mo kun ún lọ́dún tó kọjá, owó gidi ni mo san, àmọ́ lẹ́yìn òjò díẹ̀ ó tún ti wú bọ́ọ́lí bọ́ọ́lí nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù, níbi tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ gan-an. Ṣé ọ̀dà yẹn ni ò dáa ni? (Ìyá Ọlọ́jà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀dà yẹn lè dáa o, abẹ́ ẹ̀ ni kò dáa. Níbi tó bá ti wú síbi kan náà tó ń wú tẹ́lẹ̀, àmì pé irin tó ti jẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀ ni, wọ́n kàn fi bọ́dì fílà, nǹkan rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kó tó le, dí ojú ẹ̀ ni. Fílà kì í dí ihò, ó máa ń fa omi bíi kànrìnkàn ni, omi tó ń gba inú ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ á máa rin ín láti ẹ̀yìn, òkè á máa dán, inú á máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá fi sáńpépà olómi ha fílà, tí wọn ò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó fín ọ̀dà, omi yẹn ò rọ́nà jáde mọ́.

Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan síbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò, tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, fílà ni gbogbo ibẹ̀. Kí wọ́n ha á dànù pátá, kí wọ́n gé irin tó jẹ, kí wọ́n jó tuntun, kí wọ́n kun práímà sí ojú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ní kí wọ́n yọ páálí inú ilẹ̀kùn kí ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n kùn ún, torí òun gan-an ni wọ́n máa ń fò. Fílà tí wọ́n bá wá fi tún ojú ẹ̀ ṣe kó má ju mìlímítà 3 lọ. Tí páńẹ́ẹ̀bítà bá ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ẹ wá ẹlòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ọmọṣẹ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Kí ló dé tí ọ̀dà tí mo bá kun sàláńsà kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń jóná kúrò? Mo kun rẹ́d ọ́sáìdì sábẹ́ ẹ̀ o. (Ọmọṣẹ́, Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rẹ́d ọ́sáìdì yẹn gan-an ló ń jóná, ó sì ń gbé èyí tó wà lórí ẹ̀ lọ. Sàláńsà ní ọ̀dà tiẹ̀, ọ̀dà iná, sílíkóònù ló wà nínú ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ooru tó lè gbà sára agolo, òmíràn dé 600 dìgírì. Irin lásán ni kí o kun ún sí, àyàfi tí agolo bá dárúkọ práímà tiẹ̀. Kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ooru ló máa sè é jinná: tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pa á kó tutù, tún tàn án kó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí tó fi máa le. Á máa yọ èéfín, ìta gbangba ni kí o ti ṣe é.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọmọṣẹ́ ni ẹ́, o ò bi mí ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àkísà tí ẹ máa ń dì mọ́ imú nígbà tí ẹ bá ń fín ọ̀dà oníháádínà, kò dí nǹkan kan. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isosáyánéètì wà nínú háádínà ọ̀pọ̀ ọ̀dà mọ́tò, ó lè fún èèyàn ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́, mílíìkì tí ẹ ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìbòjú tó ní fílítà fún èéfín ọ̀dà ni kí o bá ọ̀gá ẹ sọ, àní ìyẹn gan-an kò tó fún ẹni tó ń fín in lójoojúmọ́ nínú yàrá tó há, gbangba ló yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára àwọn ọkọ̀ tó ti dàgbà yìí, òjé lè wà nínú ẹ̀, má ha á ní gbígbẹ, fi omi sí i, kí o pààrọ̀ aṣọ kí o tó wọlé gbé ọmọ.